Ogun Ni, Àbí Ogún?

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ìsinmi tó kọjá, mo wo fíìmù méjì ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òmù-Àrán. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣe ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà. Èkejì jẹ́ fíìmù Yorùbá tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà. Ti 1941 mọ́ gaara. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré, mo tilẹ̀ gbọ́ ìró ìṣáná nígbà tí ẹnì kan fẹ́ tan sìgá. Fíìmù Yorùbá tó yẹ kó jẹ́ ọmọ fún un ló wá dà bí arúgbó. Ojú gbogbo ènìyàn pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi epo pa, àwòrán ń mì, ohùn sì ń ta pàrà pàrà bí ìgbà tí wọ́n ń dín ẹja nínú yàrá kejì. Nígbà tó kọjá ìdajì díẹ̀, àwòrán gé, ìpolówó ọṣẹ kan tí ẹnì kan ti gbà lé e lórí nígbà kan rí ló yọ sí wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò bínú. Wọ́n gbé ohùn wọn sókè, wọ́n sì sọ ìyókù fíìmù náà fún wa láti ibi tó gé sí títí dé òpin, pẹ̀lú orin.

Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn tó wà pẹ̀lú wa lálẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá Fótò. Àwọn ló ni fíìmù ti 1941, The Maltese Falcon, lórí fláàṣì tí ọmọ wọn kó fíìmù àtijọ́ sí fún wọn. Iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, nítorí náà kì í ṣe ìtàn ni wọ́n ń wò bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀. Wọn á ní kí n dá a dúró. "Wo òjìji ara ògiri yẹn. Iná kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọn ò fi méjì ṣe é." Wọ́n fẹ́ràn Double Indemnity ti 1944 ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín fèrèsé wọlé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti lúfà ilé wa. Wọn ò mọ̀ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Èmi ni mo sọ fún wọn pé àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé ló sọ ọ́ ní film noir ní 1946, nígbà tí àwọn fíìmù Amẹ́ríkà tí kò rí ọ̀nà wọlé lásìkò ogun rọ́ dé Paris lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé dúdú ni noir túmọ̀ sí. Wọ́n ní, "Dúdú kẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni mo rí níbẹ̀ ní tèmi."

Bàbá Tíṣà kò gba ti òkùnkùn yẹn rárá. Ìjà idà, ẹṣin àti igbó ni tiwọn: The Adventures of Robin Hood ti 1938, tí Errol Flynn ti ń fò kiri bí ọ̀bọ inú igbó. Àmọ́ tí ẹ bá bi wọ́n léèrè fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé wọn, wọn ò ní dárúkọ òyìnbó kankan. Adé Love ni.

Ọmọ Ìgbómìnà kò nílò kí n ṣàlàyé ẹni tí Adé Love í ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wa kún fún ọmọ Èkó, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Adéyẹmí Afọláyan ni orúkọ wọn. Ọmọ Agbamu ni wọ́n, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà tí Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà. Àwọn ni wọ́n kó ipa pàtàkì nínú Àjàní Ògún ti Ọlá Balógun darí ní 1976, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe. Wọ́n tún wà nínú Ìjà Òmìnira ní 1979. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣe tiwọn: Kádàrá, Taxi Driver ní 1983, Ìyá Ni Wúrà ní 1984, àti àwọn mìíràn. Wọ́n kú ní 1996. Àwọn ọmọ wọn ni Kúnlé, Gabriel, Mojí àti Àrẹ̀mú Afọláyan tí ẹ ń wò lónìí.

Ó tó ọmọ ọdún 15 tí Bàbá Tíṣà kọ́kọ́ wo Ìjà Òmìnira nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Nígbà náà, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń bá olóòtú fíìmù Yorùbá pín fíìmù kiri. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń gbé fíìmù, ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán sára aṣọ funfun, àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, tí yóò máa ti ìlú dé ìlú, tí wọn á sì máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé. Bàbá Tíṣà ní àárọ̀ ni ọkọ̀ ti wọ ìlú pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí, pé nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àga ti tán, àwọn ọmọdé sì ti gun fèrèsé. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí fíìmù náà tún padà wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta adìyẹ ìyá wọn kan láti fi wọlé. (Ìyá àgbà kò mọ̀ dòní yìí. Wọ́n ti kú, nítorí náà mo lè kọ ọ́.)

Ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí, ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi yóò sì mọ ìdí tí etí mi fi nà sí i. Èdè Ìgbómìnà ni Bàbá Tíṣà ń sọ nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ ohun tí òṣèré kan sọ nínú fíìmù, ẹnu wọn á yí padà. Ọ̀rọ̀ ìṣe á yí, ohùn á yí, ìkíni pàápàá á yí. Èdè fíìmù ni wọn á máa sọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lódindi. Mo ronú pé mo ti rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi: ọ̀rọ̀ ẹnu nínú àwọn fíìmù Yorùbá àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń lo òwe, ìkíni àti ọ̀rọ̀ àyálò ní àkókò tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó ń kọ èdè inú fíìmù sílẹ̀ fún wọn kà sórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rí ẹ̀dà fíìmù kan gbà (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀). Ẹ̀dà káṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti inú ẹ̀dà káṣẹ́ẹ̀tì mìíràn ni, tí ẹnì kan wá fi fóònù ká lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé ohùn rẹ̀ sínú Praat bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo Praat mọ bó ṣe yẹ kí ìlà ohùn rí. Èyí rí bí ọ̀nà oko nígbà òjò. Nígbà tí téèpù bá ti fà, kì í yí déédéé mọ́. Á yára, á falẹ̀, ohùn á sì máa lọ sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀. Ní èdè tí kì í ṣe olóhùn, ìyẹn á kàn mú òṣèré dà bí ọ̀mùtí. Ní Yorùbá, ó ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ibi tó ti dí mi lọ́wọ́ pátápátá ni ibi tí bàbá arúgbó kan ti ń kú lọ, tó sì sọ ohun tó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni. Ó lè jẹ́ ogún. Ó lè jẹ́ ogun. Mo gbọ́ ọ ní ìgbà ọgbọ̀n. Gbogbo ìtàn tó tẹ̀ lé e rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn: yálà bàbá náà kò mọ ìjà tó ń bọ̀, tàbí ó mọ̀ ọ́n dáadáa tó sì ń kìlọ̀.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Tíṣà. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ tán. "Ogún ni." Bàbá Fótò gbé ife tíì wọn kalẹ̀. "Ogun ni. Mo wà níbẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló pariwo nígbà tó sọ ọ́. Ṣé ènìyàn á pariwo nítorí ogún?" Bàbá Tíṣà ní àwọn náà wà níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó pariwo, pé ẹkún ni wọ́n ń sun. Ọ̀rọ̀ yìí di nǹkan ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n pe ẹlòmíràn sí i. Ẹni yẹn ní kì í ṣe ogun, kì í ṣe ogún, ìgbàgbé ni bàbá yẹn sọ. (A ò tún pè é mọ́.)

Alábòójútó mi wo iṣẹ́ náà, ó ní dátà kò tó, pé ohun tí etí kò gbọ́ yékéyéké, ìwé kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ó yí àkòrí náà padà fún mi. Òótọ́ ló sọ nípa dátà. Mo rò pé ó ṣìnà nípa àkòrí, mo sì ti sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi wé ti òyìnbó. Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ayé gbà pé ó wà nínú Casablanca, fíìmù tó jáde ní 1942: èyí tí wọ́n ti ń bẹ Sam tó ń tẹ dùùrù pé kó tún orin náà tẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń sọ gbólóhùn yìí láti ìgbà pípẹ́, wọ́n fi ń ṣe àwàdà, wọ́n sì fi sọ orúkọ fíìmù mìíràn. Kò sí nínú Casablanca. Wọ́n sọ ohun tó jọ ọ́, wọn ò sọ òun gan-an. Báwo la ṣe mọ̀? Nítorí pé fíìmù náà wà. Ẹni tó bá ń jiyàn á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́, àríyànjiyàn á tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn á sì máa bá ìfẹ́ wọn lọ. Ìrántí àwọn olólùfẹ́ Casablanca kò dára ju ti Bàbá Tíṣà àti Bàbá Fótò lọ. Ibi tí wọ́n ti lè yẹ ìrántí wọn wò ni wọ́n ní.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé ìfẹ́ àwọn ènìyàn ló mú kí fíìmù Hollywood àtijọ́ wà títí. Ìfẹ́ nìkan kọ́. Àwọn náà jó tiwọn níná. Fíìmù ìgbà náà ń gbiná kíákíá. Ní 1937, ilé ìkẹ́rù Fox kan jóná ní New Jersey, ọ̀pọ̀ fíìmù sì bá a lọ títí láé. Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde ní 2013 tó fi hàn pé nǹkan bí 70 nínú 100 àwọn fíìmù gígùn tí kò ní ohùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló ti sọnù. Ohun tó yí i padà ni pé tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn ilé iṣẹ́ rí i pé owó ṣì wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní pàǹtírí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní 1988, ìjọba wọn ṣe òfin láti máa yan fíìmù tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú. Martin Scorsese dá àjọ sílẹ̀ ní 1990 láti máa tún àwọn tó ti ń bàjẹ́ ṣe. Àní àwọ̀ Robin Hood tí Bàbá Tíṣà ń yìn, bí wọ́n ṣe ṣe é ló fi wà: nẹ́gẹ́tífù aláìláwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi yà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kan, aláìláwọ̀ kì í sì í tètè ṣá. Fíìmù aláwọ̀ olówó pọ́ọ́kú tó dé lẹ́yìn rẹ̀, orí kan ni gbogbo àwọ̀ wà, á máa ṣá títí á fi ku pupa nìkan. Ojú àwọn òṣèré wa kò dédé pọ́n.

Ìlú òyìnbó ni àwọn olóòtú wa ti ń fọ fíìmù, tí nẹ́gẹ́tífù sì máa ń dúró sí. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó dọ́là láti fọ fíìmù kò ṣeé rí mọ́, wọ́n bọ́ sórí káṣẹ́ẹ̀tì fídíò, nẹ́gẹ́tífù sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ẹ̀dà tó wà nílé, tí wọ́n ti gbé rìn títí tó fi ya, ooru mú un. Bàbá Fótò ní bí fíìmù bá ti ń kú, ó máa ń rùn bí ọtí kíkan. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò fẹ́ sọ ọ́ mọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́. Ní 1976, ọdún kan náà tí Àjàní Ògún jáde, Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar lédè Haúsá, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Ní 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé ìkó-fíìmù ìjọba ní Jos, láàárín agolo tó kún ilẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù wọn ní 2018. Ẹni tó bá ní ìyá nílé ìwòsàn tó gbọ́ pé ẹnì kan ní yàrá kejì dìde, á tún dúró díẹ̀ sí i.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀kan ní mo kàn ń ṣàárò ayé àtijọ́ ni. Mo bi í pé báwo ni mo ṣe lè ṣàárò? Mo jẹ́ ọmọ ọdún 22. Kò sí èmi láyé nígbà tí Adé Love kú. Òmíràn ní àwọn fíìmù yẹn falẹ̀ jù, pé ènìyàn á rin ìrìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí odò kó tó sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Mo ti sùn lọ nínú méjì nínú wọn. Ẹnì kẹta ní kí n lọ wo Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tó jáde lórí Netflix ní 2022, pé ibẹ̀ ni ìṣẹ́ bàbá ti ń bá a lọ. Mo wò ó, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ẹ̀dà bàbá rẹ̀, Yorùbá tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí àwọn ènìyàn òde òní rò pé àwọn ará àtijọ́ ń sọ. Ìwádìí mìíràn nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ìjà Òmìnira. Inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tó jáde ní 1969, ni wọ́n ti mú un. Mo ra ìwé náà nílé ìwé girama, a kà á, a ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, gbogbo àmì ohùn tí Fálétí fẹ́ wà lójú ewé. Ìwé tó ju fíìmù lọ ní ọdún 10 ń gbé ilé onílé kiri bí ọmọ tuntun. Bí wọ́n ṣe sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn jáde lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn tí Bàbá Tíṣà ta adìyẹ wọ̀ ńkọ́?

Tí ẹ bá ti Òmù-Àrán lọ sí Èsìẹ́, kò jìnnà, ẹ ó bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀. Orí ọ̀pọ̀ wọn ti kán. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Síbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Phillips Stevens, jókòó tì wọ́n, ó to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1978, láàárín Àjàní Ògún àti Ìjà Òmìnira. Lọ́dún tí wọ́n ń ka òkúta Èsìẹ́, ọmọ Agbamu ń ṣe fíìmù. Èwo nínú méjèèjì lẹ rò pé ó rọrùn láti rí lónìí?

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa kò pọ̀. N kò ní kí a lọ wá nẹ́gẹ́tífù ní London. Kí àwọn tó lówó ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ wa ní ìpele kẹta ló ń lọ sílé tòun ti fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ ju gbogbo ẹ̀rọ tí Adé Love ní lọ. Kí olúkúlùkù wa wá ẹni 60 ọdún sókè méjì ní ìlú rẹ̀, kó bi wọ́n pé fíìmù wo ni wọ́n wò nínú gbọ̀ngàn, ibo ni, ta ló jókòó tì wọ́n, kí sì ni òṣèré sọ. Kó gbà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú iyàn inú rẹ̀. Kó kọ àmì ohùn sí i lójú wọn, kí wọ́n lè sọ pé ó ṣì í kọ. Kó tún bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wakọ̀ fún olóòtú fíìmù rí, tàbí ó ní agolo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá rí agolo, kó má ṣe ṣí i sínú oòrùn.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni mo ti gbà sílẹ̀ lẹ́nu Bàbá Tíṣà àti Bàbá Fótò, iṣẹ́ tí kò ní máàkì. Ibi tí bàbá arúgbó yẹn ti ń kú lọ, ogun/ogún ni mo kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà láàárín, mo sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lọ hàn wọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Tíṣà wọ díńgí wọn, wọ́n kà á wò, wọ́n sì ní kí n bá wọn mú bírò pupa wá, kí àwọn fi fagi lé ti Bàbá Fótò.